Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Béèrè Afẹ́fẹ́ Igun

Ẹni tó bá ti jókòó rí níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́lé ti ń dífẹ́ǹdì pírójẹ́ẹ̀tì wọn á ti gbọ́ gbólóhùn yìí: "Ẹnjinníà tí mo bá níbi iṣẹ́ ló sọ pé kò séwu, sà." Ọmọ náà á ti yá kóòtù wọ̀, á ti lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ara ògiri, àwa tí a jókòó níwájú rẹ̀ á sì máa wojú ara wa. Ìṣirò rẹ̀ dà? Òógùn á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ní tèmi, bí mo bá ti gbọ́ gbólóhùn yẹn, ilé gogoro kan ní New York ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí wọ́n fún ní irú èsì yìí gan-an ní 1978. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni wọ́n ń bu iyọ̀ sí i.

Citicorp Center ni wọ́n ń pe ilé náà nígbà yẹn. Òpópónà Lexington, ní Manhattan, ló wà. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1977, alájà 59 ni, gíga rẹ̀ sì tó mítà 279. Hugh Stubbins ló yàwòrán rẹ̀. William LeMessurier, ẹnjinníà tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ló ṣe ìṣirò ohun tó máa mú un dúró. Ìṣòro tí wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé kì í ṣe ti irin rárá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ìjọ Lutheran kan tó ń jẹ́ St. Peter's ló ni igun kan nínú ilẹ̀ tí báńkì Citicorp fẹ́ kọ́lé sí. Ìjọ gbà kí báńkì kọ́lé gba òkè orí wọn, àmọ́ wọ́n ní kí báńkì bá àwọn kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun sí ojú ibi tí ti àtijọ́ wà, kí òpó ilé báńkì kankan má sì gba inú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn kọjá.

LeMessurier wá gbé ilé náà ka orí òpó ràbàtà mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó mítà 35, bí ilé alájà mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n kò rì wọ́n sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló rì wọ́n sí, kí igun tó jẹ́ ti ìjọ lè ṣófo. Wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ti ilé yìí jẹ́ mẹ́rin, àmọ́ ibi tí wọ́n tẹ́ ààrò sí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ mú àpótí ìjókòó onígun mẹ́rin kan, kí ẹ tú ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò ní igun, kí ẹ wá kàn án mọ́ àárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá jókòó sí àárín, kò sí wàhálà. Ẹ wá sún ìdí sí igun wò.

Kí ẹrù tó wà ní igun lè dé ọ̀dọ̀ òpó tó wà láàárín, ó fi irin gbọ̀ngbọ̀nràn dábùú ara ilé náà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bíi lẹ́tà V, V lórí V, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó àjà mẹ́jọ. Apá V méjèèjì nawọ́ sí igun, wọ́n gba ẹrù níbẹ̀, wọ́n sì gbé e wá sí ìdí V tó wà láàárín. Ọgbọ́n gidi ni. Ilé náà fúyẹ́ fún gíga rẹ̀, torí náà ó máa ń mì bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. LeMessurier sì gbé kọnkéré tó wúwo tó 400 tọ́ọ̀nù sí òkè téńté, ó tẹ́ òróró sábẹ́ rẹ̀, kí ó lè máa yọ̀ lọ sí òdìkejì nígbà tí ilé bá ń mì síhìn-ín. Iná mànàmáná ló ń mú kọnkéré yẹn ṣiṣẹ́. Ẹ fi ti iná yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Lásìkò tí gbogbo ayé ń yin ilé yìí, Diane Hartley wà ní ọdún ìkẹyìn ní Yunifásítì Princeton, ní New Jersey. Ọ̀jọ̀gbọ́n David Billington ló ń bójú tó pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹni tó máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé afárá àti ilé gogoro ní ẹwà tiwọn, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n ń wí fún ìlú. Hartley mú Citicorp Center, ó fẹ́ yẹ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó gbé e dúró wò, kó sì tún wo ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ láàárín àwọn èèyàn. Ó kàn sí ọ́fíìsì LeMessurier. Ẹnjinníà kan níbẹ̀ kó àwòrán fún un pẹ̀lú díẹ̀ nínú ìṣirò afẹ́fẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá, dídà ló máa ń dà á kọ sínú orí kẹta, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní ojú ewé ìdúpẹ́. Hartley tún ìṣirò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ló ti rí i pé afẹ́fẹ́ tó kọjú sí ògiri gbọnrangandan nìkan ni wọ́n ṣírò. Èyí tó ń ti igun bọ̀, tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, òun ò rí i nínú ohun tí wọ́n kó fún un. Òfin ìkọ́lé ìlú New York nígbà yẹn ò tiẹ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó jókòó, ó ṣe é fúnra rẹ̀, ohun tó bá jáde sì ga ju ti ògiri lọ dáadáa.

Ó padà bi ẹnjinníà náà. Gẹ́gẹ́ bí Hartley ṣe sọ ọ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, èsì tó gbà ni pé ilé náà dára, kó má ṣèyọnu, àwọn á fi ìṣirò ti àwọn ránṣẹ́ sí i. Ó ní ìṣirò náà ò dé. Ọmọ ọdún méjìlélógún tàbí bẹ́ẹ̀ ni, ta ni yóò bá ọ́fíìsì LeMessurier jiyàn? Ó kọ ọ̀rọ̀ ẹnjinníà náà sínú ìwé rẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó gboyè, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kí wá ni ohun tó rí? Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wẹ́wẹ́ ṣe é. Ká ní afẹ́fẹ́ tó kọjú sí ògiri ń fi agbára 100 kọlu apá V kan. Bí afẹ́fẹ́ yẹn kan náà bá ti igun wá, á pín ara rẹ̀ sí méjì, 70.7 fún ẹ̀gbẹ́ kan, 70.7 fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Lójú ẹni tó bá ń kánjú, ìyẹn tiẹ̀ dínkù: 70.7 kéré sí 100, ó tán. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí òpó rẹ̀ wà láàárín ẹ̀gbẹ́, apá V kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ nínú ìpín méjèèjì, torí igun tó nawọ́ sí, ẹ̀gbẹ́ méjì ló ni ín. Nínú apá mẹ́jọ tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin á kó méjèèjì pọ̀, 70.7 àti 70.7, ó di 141.4. Nínú mẹ́rin tó kù, ọ̀kan á máa fà, ọ̀kan á máa tì, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, ó di òdo. Afẹ́fẹ́ náà ò le sí i o. Ìdajì irin ló wábi sinmi, ó di ẹrù tirẹ̀ ru ìdajì kejì.

Àfikún 40 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á sọ pé ṣebí ẹnjinníà máa ń fi ààyè sílẹ̀ nínú ìṣirò rẹ̀. Òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ pé bí LeMessurier ṣe yà á ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ṣeé ṣe kí a má gbọ́ ìtàn yìí láéláé. Ohun tó yà ni pé kí wọ́n jó ìsopọ̀ irin náà pọ̀ délẹ̀. Àwọn tó gba iṣẹ́ irin ní jíjó ti wọ́n jù, kò tiẹ̀ pọn dandan, ẹ jẹ́ kí a fi bóòtì dè é; nǹkan bíi 250,000 dọ́là ló máa dín kù. Àwọn èèyàn LeMessurier ní New York gbà. Kò sí ẹni tó bi ọ̀gá fúnra rẹ̀, kò sì gbọ́ títí di 1978, nígbà tó ń múra iṣẹ́ mìíràn ní Pittsburgh, tó sì fẹ́ fi ti Citicorp ṣe àpẹẹrẹ jíjó.

Bóòtì kì í ṣe ohun àìdáa. Afárá ńláńlá wà lórí bóòtì. Ibi tí ó ti burú ni ìṣirò ìyọkúrò, mo sì rò pé ibí yìí ló dùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Afẹ́fẹ́ ń fa ìsopọ̀ sókè. Ẹrù ilé fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni bóòtì máa gbé. Ká ní afẹ́fẹ́ ń fà á ní 100, ẹrù ilé ń tẹ̀ ẹ́ ní 75: 25 péré ló kù fún bóòtì, ẹ wá ra bóòtì 25. Ìjì wá ti igun dé, 100 di 140. Ẹrù ilé ò mọ̀ pé ìjì ń jà, 75 tirẹ̀ ò kúrò lójú kan. Bóòtì tí ẹ rà fún 25 ti wá ń gbé 65. Àfikún 40 lórí irin ti di àfikún 160 lórí bóòtì. Èmi ni mo mú 75 kí ìṣirò lè rọ̀ wá lọ́rùn. 40 àti 160 yẹn, LeMessurier fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Bó ṣe dé ìdí rẹ̀ náà lárinrin. Ó ní ní oṣù kẹfà 1978, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti New Jersey pe òun lórí fóònù, ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n òun sọ pé ibi tí wọ́n rì àwọn òpó yẹn sí kò dáa. LeMessurier dá a lóhùn pé ọ̀jọ̀gbọ́n yín ò mọ ìṣòro tí a ń yanjú, ó sì ṣàlàyé fún un dáadáa, títí kan bí ilé náà á ṣe dúró fún afẹ́fẹ́ igun. Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀, ó rò ó pé ẹ̀kọ́ tó dáa lèyí jẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ní Harvard. Ó mú bírò. Ẹ wò ó, torí àtikọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ni, kì í ṣe torí pé ẹ̀rù ń bà á. Ibẹ̀ ni 40 ti jáde, ló bá rántí ọ̀rọ̀ bóòtì.

Ní oṣù keje, ó fò lọ bá Alan Davenport ní Yunifásítì Western Ontario, ní Kánádà, ẹni tó ti fi àwòṣe ilé náà dán afẹ́fẹ́ wò nígbà tí wọ́n ṣì ń yà á. Ìyẹn sọ fún un pé nínú ìjì gidi, nígbà tí ilé bá ti ń mì, ọ̀rọ̀ lè ju 40 lọ. Ó kó ìwé ìṣirò lọ sí ilé rẹ̀ lórí erékùṣù kan ní Maine, ó ń yẹ ìsopọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti àjà 30 ló rọ jù. Ìyẹn bá já, ilé bá a lọ. Nígbà tó ṣírò bí ìjì tó lè ṣe é ṣe máa ń jà sí ní New York, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún 55 ni, bí kọnkéré orí òkè bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìjì wo ló máa jà tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní mú iná lọ? Àwa tí a mọ NEPA ò nílò àlàyé. Bí iná bá lọ, ó di ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún 16.

Ó jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé òun rò ó bóyá kí òun dákẹ́, òun tiẹ̀ rò ó láti pa ara òun. Kò ṣe méjèèjì. Ó lọ bá agbẹjọ́rò àti ilé iṣẹ́ adójútòfò, ó lọ bá Stubbins, wọ́n jọ lọ bá àwọn ọ̀gá báńkì. Àwọn ọ̀gá náà ò fi ariwo dá a lóhùn. Wọ́n bi í pé kí ni ká ṣe. Jíjó ni. Jíjó tí wọ́n yọ kúrò láti fi ṣọ́ owó ni wọ́n padà sí.

Láti oṣù kẹjọ, bí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì bá ti lọ sílé lálẹ́, káfíńtà á dé, á fi pákó ṣe yàrá kékeré yí ibi ìsopọ̀ ká, á ṣí ògiri kúrò lára irin. Wẹ́dà á wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, á jó pátákó irin tó nípọn tó íǹṣì méjì bo bóòtì náà, títí di aago mẹ́rin ìdájí. Lẹ́yìn náà ni àwọn agbálẹ̀ á gbá eérú àti pàǹtírí kúrò, kí akọ̀wé àkọ́kọ́ tó dé láàárọ̀ pẹ̀lú àpamọ́wọ́ rẹ̀, kó jókòó sídìí tábìlì, kó má mọ nǹkan kan. Ìsopọ̀ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lé ní 200. Níbi tí wọ́n ti ń jó o lọ́wọ́ ni ìjì líle Ella gbéra lórí òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, tó sì dà bíi pé New York ló ń bọ̀. Wọ́n ti bá àwọn Red Cross ṣètò ní bòókẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe máa kó àwọn èèyàn àdúgbò náà kúrò. Ella yí padà sójú òkun. Ní oṣù kẹwàá, iṣẹ́ ti parí.

Àwọn oníwèé ìròyìn ńkọ́? Láti ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ni àwọn ìwé ìròyìn ńlá New York ti wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Orí ló yọ wọ́n, tàbí kí n sọ pé orí ló yọ àwọn tí kò fẹ́ kí ìlú gbọ́. Ilé iṣẹ́ adójútòfò LeMessurier san mílíọ̀nù méjì dọ́là fún báńkì, gbogbo wọn panu mọ́, ó di ọdún 17.

Wọ́n ti fi LeMessurier ṣe àpẹẹrẹ akọni láìmọye ìgbà nínú kíláàsì ìwà ọmọlúàbí fún ẹnjinníà. Mi ò bá wọn jà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí mo mọ̀ ni yóò ti ìwé yẹn bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ tèmi ò ní dún tó tiwọn. Ìdílé tó ń sùn lójúlé kejì sí ilé yẹn lóṣù kẹjọ 1978, ta ló sọ fún wọn? Ẹnjinníà, báńkì, ìjọba ìlú, wọ́n mọ̀. Àwọn tí ilé náà máa wó lù ni kò mọ̀. Èyí tó sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n nípa pírójẹ́ẹ̀tì: kò sí ẹni tó padà lọ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìbéèrè rẹ tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán síbẹ̀. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀pá ìdíwọ̀n àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, fi kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ afẹ́fẹ́ ti òde òní tún ilé onígun mẹ́rin tí òpó rẹ̀ wà láàárín ẹ̀gbẹ́ ṣírò. Ohun tí wọ́n rí ni pé afẹ́fẹ́ igun kò le ju ti ògiri lọ bí wọ́n ṣe rò ní 1978, torí kì í ṣe gbogbo agbára afẹ́fẹ́ ló máa ń wọlé bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ti igun dé. Àwọn kan gbọ́ ìyẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní aláriwo lásán ni gbogbo wọn. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ogójì ọdún lé kan ló gbà kí ìbéèrè náà tó rí ìṣirò tó kúnjú ìwọ̀n gbà, ìbéèrè tí wọ́n fi "má ṣèyọnu" dáhùn lọ́jọ́ tí wọ́n bi í.

Ní 1995 ni ìwé ìròyìn The New Yorker gbé gbogbo rẹ̀ síta. Nínú ohun tí LeMessurier sọ fún wọn, ọ̀dọ́kùnrin ni akẹ́kọ̀ọ́ tó pè é. Lẹ́yìn ìyẹn ni Hartley, tó ti di ìyálọ́mọ, rí ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n nípa ilé náà. Ó ń gbọ́ ọ: òpó láàárín ẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ igun, akẹ́kọ̀ọ́ New Jersey, 1978. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé ilé tí òun kọ̀wé lé lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tí ayé ì bá máa sunkún lé lórí. Òun kò bá LeMessurier sọ̀rọ̀ rí ní tirẹ̀, ẹnjinníà ọ́fíìsì rẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan tún jáde lẹ́yìn náà, tó kẹ́kọ̀ọ́ àwòrán ilé ní New Jersey láyé ìgbà yẹn, ó ní òun ni òun pe ọ̀gá náà lórí fóònù. Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì ti bi ìbéèrè kan náà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

LeMessurier kú ní 2007. Ó rántí ìpè náà, ó rántí oṣù tí wọ́n pè, ó rántí èsì tó fún ẹni tó pè, ó sì rántí ibi tí ìpè ti wá. Orúkọ ni kò kọ sílẹ̀.